Ètò Ìkẹ́kọ̀ọ́ Olóṣù Mẹ́wàá fún Ọmọ Tó Fẹ́ Kọ́ Ìmọ̀ Ìṣègùn

Ọ̀pọ̀ òbí ló ń sọ̀rọ̀ ìdánwò àṣewọlé sí ẹ̀kọ́ ìṣègùn bí ẹni pé ẹyọ ìdánwò kan ni, ṣùgbọ́n ní Nàìjíríà, mẹ́ta ni ìdánwò tí ọmọ ilé-ìwé girama ní láti là kọjá kí yunifásítì tó lè gbà á láti kọ́ ìṣègùn òyìnbó. Àkọ́kọ́ ni ìdánwò àṣejáde tí WAEC tàbí NECO ń ṣe, nínú èyí tí ó ti gbọ́dọ̀ gba krẹ́díìtì nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Báyọ́lọ́jì, Kẹ́mísìrì àti Físíìsì, tí àwọn ilé-ìwé ìṣègùn kan sì ń béèrè pé ìjókòó kan ṣoṣo ni kí ó ti gba márààrún. Èkejì ni UTME, ìdánwò àjùmọ̀ṣe tí àjọ JAMB ń ṣe fún gbogbo ẹni tó ń wá ààyè sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga káàkiri orílẹ̀-èdè. Ẹ̀kẹta ni Post-UTME, èyí tí yunifásítì kọ̀ọ̀kan ń fi yẹ àwọn tó yàn án wò fúnra rẹ̀. Nítorí pé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń tẹ̀lé ara wọn láàárín oṣù díẹ̀, tí orí-ọ̀rọ̀ inú wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà, ẹni tó bá ń múra sílẹ̀ fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan ń sọ iṣẹ́ kan di mẹ́ta, kì í sì í sábà ráyè ṣe èyíkéyìí nínú wọn dáadáa. Ohun tó tọ́ ni ètò kan ṣoṣo tó gùn tó oṣù mẹ́wàá, tí a gbé ka orí-ọ̀rọ̀ dípò wákàtí, tí ìdánwò-ara-ẹni sì wà nínú rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.

Ìtàn díẹ̀ yóò jẹ́ kí ó yé ni bí ọ̀rọ̀ ṣe dé ibi tó dé. Ẹ̀kọ́ ìṣègùn wà lára ohun tí Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn fi bẹ̀rẹ̀ ní 1948, ilé-ìwòsàn UCH tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ti ń kọ́ iṣẹ́ sì ṣí ní 1957. Láyé ìgbà náà, yunifásítì ló ń yan akẹ́kọ̀ọ́ tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Nígbà tí yunifásítì pọ̀ sí i, tí ọmọ kan lè gba ààyè ní ibi mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tí ẹlòmíràn kò rí ẹyọ kan gbà, ìjọba àpapọ̀ dá JAMB sílẹ̀ ní 1978. Ní 2005 ni wọ́n fún àwọn yunifásítì láyè láti máa tún àwọn tó yege nínú ìdánwò JAMB yẹ̀ wò, ní 2010 ni orúkọ UTME dé, tí ìdánwò kan náà fi wá wà fún yunifásítì, pólì àti kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni, ní 2013 ni kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú ìdánwò náà, nígbà tó sì di 2015, bébà àti pẹ́ńsù ti kúrò níbẹ̀ pátápátá.

Iye àwọn tó ń bá ara wọn díje kò kéré. Nínú èsì UTME ọdún 2025 tí JAMB kọ́kọ́ gbé jáde, èsì 1,955,069 ni wọ́n yẹ̀ wò. Nínú wọn, 12,414 péré ló gba 300 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú 400, èyí tí kò tó ẹnì kan nínú 100, nígbà tí 1,534,654 kò tó 200. Àwọn tó ń wá ìṣègùn ní àwọn yunifásítì tí orúkọ wọn ti pẹ́ nílẹ̀ máa ń jà fún ààyè láàárín àwọn tó wà lókè pátápátá yìí, nítorí pé Ìgbìmọ̀ Oníṣègùn àti Oníṣègùn Eyín ti Nàìjíríà, ìyẹn MDCN, ló ń fi ààlà sí iye akẹ́kọ̀ọ́ tí ilé-ìwé ìṣègùn kọ̀ọ̀kan lè gbà gẹ́gẹ́ bí olùkọ́, ibùsùn aláìsàn àti ohun èlò tí ó ní bá ṣe tó. Kò sí bí yunifásítì ṣe lè fẹ́ ọmọ kan tó tí yóò fi kọjá ààlà yẹn láìjìyà. Ìdí nìyí tí yíyege nìkan kò fi tó fún ẹni tó fẹ́ ṣe dókítà, tó fi jẹ́ pé ó gbọ́dọ̀ yege ju ọ̀pọ̀ ẹni tí àwọn náà yege lọ.

Bí a bá wo UTME fúnra rẹ̀, a ó rí i pé ìṣirò kékeré kan wà nínú rẹ̀ tí ó yẹ kí ó darí gbogbo ètò. Iṣẹ́ mẹ́rin ni ẹni tó ń wá ìṣègùn ń ṣe níbẹ̀: èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí ìbéèrè rẹ̀ jẹ́ 60, Báyọ́lọ́jì, ìyẹn ìmọ̀ nípa ohun ẹlẹ́mìí, Kẹ́mísìrì, ìyẹn ìmọ̀ nípa èròjà àti bí wọ́n ṣe ń yí padà, àti Físíìsì, ìyẹn ìmọ̀ nípa agbára, ìṣípòpadà, ooru, ìmọ́lẹ̀ àti iná mànàmáná, tí ìbéèrè wọn jẹ́ 40 lọ́kọ̀ọ̀kan. Àpapọ̀ ìbéèrè náà jẹ́ 180, àkókò rẹ̀ sì jẹ́ wákàtí 2, èyí tó túmọ̀ sí pé ìṣẹ́jú àáyá 40 péré ló kan ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, yálà ó gba ìṣirò tàbí kò gbà á. Ọmọ tó mọ nǹkan ṣùgbọ́n tó ní láti ronú jinlẹ̀ kí ó tó rántí rẹ̀ ni àkókò yóò tán mọ́ lọ́wọ́. Ìmọ̀ tí UTME ń wá ni èyí tó ti di ara fún ẹni, irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ kò sì ṣeé kó jọ láàárín oṣù méjì.

Ìṣirò kejì tún wà tí ọ̀pọ̀ kì í rí títí ọ̀rọ̀ yóò fi bọ́ sórí. Yunifásítì Ìbàdàn máa ń pín máàkì UTME sí ọ̀nà 8, ó ń pín ti Post-UTME sí ọ̀nà 2, ó sì ń ro méjèèjì pọ̀ láti fi wo ẹni tí yóò wọlé. Ẹni tó gba 320 nínú UTME, tó sì gba 70 nínú Post-UTME, yóò ní 40 àti 35, àròpọ̀ rẹ̀ yóò sì jẹ́ 75. Ìtumọ̀ èyí ni pé máàkì kan péré nínú Post-UTME dọ́gba pẹ̀lú máàkì 4 nínú UTME. Ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, UTME ní ipa 50 nínú 100, Post-UTME ní 40, èsì WAEC sì ní 10. Síbẹ̀, ohun tí a ń rí lọ́dọọdún ni pé àwọn ọmọ a fi gbogbo agbára wọn sórí UTME, wọn a sì sọ ìwé sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bá jáde nínú gbọ̀ngàn JAMB, bí ẹni pé ìdajì iṣẹ́ tó kù kò kan wọn. Ètò tó bá parí ní ọjọ́ UTME ti kùnà kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

Kí a tó sọ bí ètò náà yóò ṣe rí, ó yẹ kí a mọ bí iyè ènìyàn ṣe ń ṣiṣẹ́, nítorí pé orí èyí ni gbogbo rẹ̀ dúró lé. Ọ̀mọ̀wé ará Jámánì kan, Hermann Ebbinghaus, gbé ìwé kan jáde ní 1885 lórí ìrántí, nínú èyí tí ó fi ara rẹ̀ ṣe àyẹ̀wò: ó ń kọ́ ọ̀wọ́ àwọn sílébù tí kò ní ìtumọ̀ sórí, ó sì ń padà yẹ ara rẹ̀ wò lẹ́yìn wákàtí díẹ̀, lẹ́yìn ọjọ́ kan, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀, láti mọ iye tó ṣẹ́kù. Ó rí i pé kíákíá ni ènìyàn ń gbàgbé ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́, pàápàá láàárín ọjọ́ kìn-ín-ní, àti pé ohun tí a bá fi àlàfo ọjọ́ sáàárín àtúnkà rẹ̀ ń pẹ́ lórí ju èyí tí a rọ́ sí ọpọlọ ní ìjókòó kan lọ. Ní 2006, àwọn olùwádìí méjì ní Yunifásítì Washington ní ìlú St. Louis ní Amẹ́ríkà, Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke, tún fi ohun mìíràn hàn. Wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ka àyọkà, lẹ́yìn èyí wọ́n ní kí àwọn kan tún un kà, wọ́n sì ní kí àwọn kan pa ìwé dé, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n bá rántí sílẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn tó tún un kà ló rántí jù. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tó pa ìwé dé rántí ìdá 56 nínú 100, nígbà tí àwọn tó tún un kà rántí ìdá 42.

Àbájáde yìí ṣe pàtàkì gan-an fún ọmọ ilé-ìwé, nítorí pé ìwé tí a kà lẹ́ẹ̀mẹta máa ń dùn lójú, ó sì máa ń dàbí ẹni pé a ti mọ̀ ọ́n, nígbà tó jẹ́ pé ojú lásán ló mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ń fi gègé aláwọ̀ ofeefee kùn gbogbo ojú ìwé kò tíì kàwé. Ìgbà tí ó bá ti ìwé náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, tó sì ń fa ohun tó kà jáde láti inú ọpọlọ rẹ̀, bí ó tilẹ̀ ń ṣì í, ni ẹ̀kọ́ ń wọlé. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Àwọn onímọ̀ wulẹ̀ fi ìṣirò gbe ohun tí àwọn àgbà ti sọ lẹ́yìn ni.

Kí a wá mú ọmọ tó ń parí SS2 ní oṣù keje, tí yóò ṣe UTME ní nǹkan bí oṣù kẹrin ọdún tó tẹ̀lé e. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 40 ló wà láàárín méjèèjì. Bí ó bá kàwé fún wákàtí 2 lóòjọ́, ọjọ́ 6 láàárín ọ̀sẹ̀, àròpọ̀ rẹ̀ yóò jẹ́ wákàtí 480. Ọmọ mìíràn lè dúró títí di oṣù kejì, kí ó wá máa ka wákàtí 10 lóòjọ́ fún ọjọ́ 48, wákàtí 480 kan náà ni yóò sì kà. Èsì wọn kò lè jọra, nítorí pé ẹni àkọ́kọ́ ráyè gbàgbé, ó ráyè padà, ó tún ráyè gbàgbé díẹ̀ kí ó tó tún padà, nígbà tí ẹnìkejì kò ní àlàfo kankan láti fi sáàárín ohun tó kọ́. Ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ ìtùnú fún àwọn ọmọ tí ilé wọn kò rọrùn. Ọmọbìnrin tó gbọ́dọ̀ wà nídìí ọjà ìyá rẹ̀ láti ìgbà tí ilé-ìwé bá ti jáde títí di alẹ́ lè rí wákàtí kan ní ìdájí àti wákàtí kan lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, bí àwọn ará ilé bá sì bọ̀wọ̀ fún wákàtí méjèèjì yìí, kò sí ìdí tí ọmọ olówó tó ń lọ sí lẹ́sìnnì mẹ́ta yóò fi borí rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ kì í ṣe ti ìwé kíkà rárá, ti àyẹ̀wò ni. Kí ọmọ náà gba sílábọ́ọ̀sì JAMB, ìyẹn ìwé tó to gbogbo orí-ọ̀rọ̀ tí ìbéèrè lè ti jáde lẹ́sẹẹsẹ, fún iṣẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ó sì jókòó ti ìbéèrè ọdún kan tó ti kọjá láì múra sílẹ̀ fún un. Máàkì tí ó bá gbà kò ṣe nǹkan kan. Kí òbí má sì fi nà án. Iṣẹ́ tí ìdánwò yìí ń ṣe ni láti jẹ́ kí ó lè kọ àmì sí ẹ̀gbẹ́ orí-ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan nínú sílábọ́ọ̀sì: èyí tó mọ̀, èyí tó mọ̀ láàbọ̀, èyí tí kò mọ̀ rárá. Láti inú àmì wọ̀nyí ni ètò yóò ti jáde. Ètò tí ọmọ bá dà kọ láti inú ìwé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò wúlò, nítorí pé àìmọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kọ́ ni àìmọ̀ tirẹ̀.

Láti oṣù kẹjọ títí di òpin oṣù kìn-ín-ní ni kíkọ́ orí-ọ̀rọ̀ gan-an, níbí sì ni ètò ti máa ń gba ìrònú jù. Ohun àkọ́kọ́ ni pé kí iṣẹ́ máa yí lọ yí bọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀, kí ó má jẹ́ pé ọmọ ka Báyọ́lọ́jì nìkan fún oṣù kan gbáko kí ó tó kan Físíìsì, nítorí pé nígbà tí yóò bá fi parí Físíìsì, Báyọ́lọ́jì ti fò lọ. Ohun kejì ni pé orí-ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ tí a kọ́ ọ àti ọjọ́ tí a ó padà sí i, kí a sì kọ ọjọ́ ìpadà náà sínú kàlẹ́ńdà ní ọjọ́ tí a kọ́ ọ gan-an: lẹ́yìn ọjọ́ méjì, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn oṣù kan. Ìpadà yìí kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kíkà. Ìbéèrè mẹ́wàá ni kí ó dáhùn, kí ó tó yẹ ìwé wò. Ohun kẹta ni pé kí ọ̀sẹ̀ kan nínú mẹ́fà ṣófo. Ibà yóò mú ọmọ, ìnáwó ẹbí yóò dé, ilé-ìwé yóò ṣe ìdánwò tirẹ̀, iná yóò lọ fún ọjọ́ mẹ́rin. Ètò tí kò ní ààyè fún nǹkan wọ̀nyí yóò fọ́ ní oṣù kejì, ọmọ yóò sì rò pé òun ló kùnà nígbà tó jẹ́ pé ètò náà ni kò dára.

Bí orí-ọ̀rọ̀ ṣe tẹ̀lé ara wọn náà kì í ṣe ohun àfọwọ́rọ́ sẹ́yìn. Nínú Kẹ́mísìrì, móòlù, ìyẹn ìwọ̀n tí a fi ń ka iye ègé kéékèèké tó wà nínú èròjà, ló yẹ kó ṣíwájú, nítorí pé bí a ṣe ń wọn ásíìdì, bí a ṣe ń ṣírò gáàsì àti bí iná mànàmáná ṣe ń tú èròjà, gbogbo wọn ló gbé ẹ̀yìn lé e. Kí a wo ìbéèrè kan tí irú rẹ̀ wọ́pọ̀: gíráàmù bàbà mélòó ni yóò lẹ̀ mọ́ irin bí ìṣàn iná tó jẹ́ áńpíà 2 bá gba inú omi tí iyọ̀ bàbà wà kọjá fún ìṣẹ́jú àáyá 965? Ọmọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi 2 lu 965 kí ó tó rí kúlọ́ọ̀mù 1,930, èyí tó jẹ́ ẹ̀kọ́ Físíìsì. Kí ó wá fi 96,500, ìyẹn iye kúlọ́ọ̀mù inú móòlù ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan, pín in kí ó tó rí móòlù 0.02 ti ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù. Kí ó rántí pé ẹyọ bàbà kan ń gba ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì, tí móòlù bàbà yóò fi jẹ́ 0.01, kí ó sì fi 64, ìyẹn ìwọ̀n átọ́ọ̀mù bàbà, lu èyí, kí ìdáhùn tó di gíráàmù 0.64. Ìgbésẹ̀ mẹ́rin ni, láàárín ìṣẹ́jú àáyá 40. Ẹni tí móòlù kò yé yóò ka orí-ọ̀rọ̀ yìí lẹ́ẹ̀mẹ́wàá láìrí ojú rẹ̀, yóò sì máa sọ pé Kẹ́mísìrì le, nígbà tó jẹ́ pé ìpìlẹ̀ ni kò fi lélẹ̀. Bákan náà ni Físíìsì rí: ìdíwọ̀n àti fẹ́kítọ̀, ìyẹn ìwọ̀n tó ní ìhà tó dojú kọ, ló ń ṣíwájú ìṣípòpadà, ìṣípòpadà ló sì ń ṣíwájú agbára.

Báyọ́lọ́jì yàtọ̀, nítorí pé orúkọ inú rẹ̀ pọ̀, ọ̀pọ̀ sì gbà pé kíkọ́ sórí nìkan ni oògùn rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ pátápátá. Ohun tó kan ilẹ̀ wa gan-an wà nínú rẹ̀: ọmọ tó bá ti yé pé bàbá tó jẹ́ AS àti ìyá tó jẹ́ AS lè bí SS, pé ìṣeéṣe rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́rin nígbàkigbà tí oyún bá dúró, ti mọ ìlànà àjogúnbá tí yóò fi dáhùn ìbéèrè lórí ewéko, eṣinṣin àti ènìyàn, ó sì ti mọ ohun tí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde jẹ́ kí ó tó fi ojú kan wọ́ọ̀dù.

Ìṣirò gbọ́dọ̀ wà nínú ètò náà lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Kò sí nínú UTME ẹni tó ń wá ìṣègùn, èyí ló sì ń fà á tí àwọn kan fi ń pa á tì, ṣùgbọ́n WAEC ń béèrè rẹ̀, ọmọ tó gba 330 nínú UTME tó sì gba D7 nínú Ìṣirò kò lè wọlé. Ìdí kan náà ló fi yẹ kí ọmọ máa kọ àlàyé gígùn sílẹ̀ nígbà tó bá ń yẹ ara rẹ̀ wò, dípò kí ó máa yan A, B, C tàbí D nìkan. WAEC ń béèrè àlàyé kíkọ àti iṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò, nígbà mìíràn ìdánwò WAEC àti UTME sì máa ń kọlu ara wọn. Ní 2025, ọjọ́ 24 oṣù kẹrin ni UTME àti ìdánwò WAEC bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ya ètò wọn sọ́tọ̀ kò ní rí ọ̀nà gbà ní irú ọdún bẹ́ẹ̀.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ọmọ sáyẹ́ǹsì máa ń fojú tẹ́ńbẹ́lú jù, máàkì tí wọ́n ń pàdánù níbẹ̀ ló sì ń dun ni jù, nítorí pé kò yẹ kí ó bọ́. Ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo máàkì UTME ló wà níbẹ̀. Ìwé ìtàn kan wà tí JAMB máa ń yàn, tí ìbéèrè sì ń jáde láti inú rẹ̀. Láti 2025, ìwé Kabir Alabi Garba tí àkọlé rẹ̀ jẹ́ The Lekki Headmaster ni. Ìwé náà kò nira, ọmọ lè kà á tán ní ìsinmi kan, kí ó sì máa bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè lórí rẹ̀ lóṣooṣù. Ibi tó nira fún ọmọ Yorùbá ni apá tó jẹ mọ́ ìpè ọ̀rọ̀, nítorí pé ohùn ni èdè tirẹ̀ ń lò nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì ń tẹnu mọ́ sílébù kan ju àwọn yòókù lọ, tí fáwẹ̀lì gígùn àti kúkúrú sì ń ya ìtumọ̀ sọ́tọ̀ níbẹ̀. Etí ló ń kọ́ èyí, kì í ṣe ojú: ìṣẹ́jú mẹ́wàá lóòjọ́ nídìí rédíò tó ń ka ìròyìn ní Gẹ̀ẹ́sì tó dáńtọ́, fún oṣù mẹ́wàá, yóò ṣe ohun tí ìwé ìpè ọ̀rọ̀ kan kò lè ṣe.

Láti oṣù kejì ni ìdánwò kíkún bẹ̀rẹ̀: ìbéèrè 180, wákàtí 2, lórí kọ̀ǹpútà, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló mọ ìwé tí ẹ̀rọ sì ń dẹ́rù bà. JAMB ti mú un rọrùn, nítorí pé ẹni tí kò mọ máòsì lò lè fi bọ́tìnnì mẹ́jọ péré ṣe gbogbo ìdánwò: A, B, C àti D láti yan ìdáhùn, N láti lọ síwájú, P láti padà sẹ́yìn, S láti fi iṣẹ́ sílẹ̀, R láti yí ohun tó ṣe padà. Ọmọ tí kò ní kọ̀ǹpútà nílé yẹ kí ó rí ẹ̀rọ lò ní ilé-ìwé tàbí ní ibùdó CBT, ìyẹn ibùdó ìdánwò orí kọ̀ǹpútà, tó bá sún mọ́ ọn ní ìgbà díẹ̀, kí ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ ọ́n kí ọjọ́ tó pé.

Ìdánwò kíkún láìsí ìwé àṣìṣe kò wúlò tó bí àwọn ènìyàn ṣe rò. Ìwé àṣìṣe ni ìwé kékeré tí ọmọ ń kọ gbogbo ìbéèrè tó kùnà sí, pẹ̀lú ìdí tó fi kùnà, ìdí náà sì ni ó ṣe pàtàkì ju ìdáhùn lọ. Ó lè jẹ́ pé kò mọ orí-ọ̀rọ̀ náà rárá, kí ó padà kọ́ ọ. Ó lè jẹ́ pé ó mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ ṣùgbọ́n ó gbàgbé, kí ó fi ọjọ́ ìpadà kún un nínú kàlẹ́ńdà. Ó lè jẹ́ pé kò fara balẹ̀ ka ìbéèrè, tí kò rí ọ̀rọ̀ tó ń sọ pé èwo ni kò sí lára wọn. Irú èyí kò fẹ́ ìwé, sùúrù ló ń fẹ́. Ó sì lè jẹ́ pé àkókò ló tán. Ọmọ tó bá kọ irú ìwé yìí fún oṣù méjì yóò rí i pé àṣìṣe rẹ̀ kò pọ̀ ní irú, pé ọ̀kan tàbí méjì ló ń padà wá lójoojúmọ́, ìgbà tó bá sì rí èyí ni máàkì rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Kò sí olùkọ́ lẹ́sìnnì tó lè rí i fún un.

Oorun kì í ṣe ìyọlẹ́nu ètò, ara rẹ̀ ni. Ọmọ tó wà láàárín ọdún 13 sí 18 nílò oorun wákàtí 8 sí 10, ojú oorun sì wà lára ibi tí ọpọlọ ti ń to ohun tó kọ́ lọ́sàn-án sí ààyè. Kíkàwé mọ́júmọ́, tí ọ̀pọ̀ ọmọ fi ń yangàn, ń gba ohun tí wọ́n rò pé ó ń fún wọn.

Ní ti ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ ìdánwò, ọdún 2025 fi ẹ̀kọ́ tó burú kọ́ni. Ní ọjọ́ 14 oṣù karùn-ún ọdún náà ni JAMB kéde pé àṣìṣe ẹ̀rọ ti ba èsì jẹ́ ní Èkó àti ìpínlẹ̀ márùn-ún ní gúúsù-ìlà-oòrùn, pé àwọn ọmọ 379,997 yóò tún ìdánwò ṣe. Alákòóso àgbà rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Oloyede, tọrọ àforíjì ní gbangba, àtúnṣe náà sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 16 oṣù náà. Ẹni tó ti ń bá ètò rẹ̀ lọ nítorí Post-UTME nìkan ni irú ìkéde bẹ́ẹ̀ kò lè bá lójijì. Láti ọjọ́ tí UTME bá parí, kí wákàtí ìkàwé dín kù sí ìdajì, kí ìpadà sí orí-ọ̀rọ̀ máa lọ bí kàlẹ́ńdà ṣe sọ, kí ọmọ sì gba ìbéèrè àtẹ̀yìnwá ti yunifásítì tó yàn, nítorí pé bí Ìbàdàn ṣe ń béèrè ọ̀rọ̀ kì í ṣe bí Ifẹ̀ ṣe ń béèrè rẹ̀.

Àwọn kan yóò sọ pé ọ̀nà kúkúrú wà, pé àwọn ibùdó kan wà tí wọ́n ń gba owó láti bá ọmọ ṣe ìdánwò. Ìwà ọ̀daràn ni, ó sì tún jẹ́ ìwà òmùgọ̀, nítorí pé Báyọ́lọ́jì, Kẹ́mísìrì àti Físíìsì kan náà ló ń dúró de akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní ọdún kìn-ín-ní nínú ọdún mẹ́fà tí yóò lò, lẹ́yìn wọn sì ni ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀yà ara àti bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́, níbi tí a ti ń yọ ẹni tí kò bá lè kàwé fúnra rẹ̀ kúrò. Ẹni tó kọ́ bí a ṣe ń fi oṣù mẹ́wàá kàwé ti kọ́ ohun tí yóò fi parí ilé-ìwé náà, kódà bí kò bá wọlé lọ́dún àkọ́kọ́, nítorí pé ìwé àṣìṣe rẹ̀ wà lọ́wọ́, ọdún kejì kò sì ní bẹ̀rẹ̀ láti òfo.

Nítorí náà, kí òbí tí ọmọ rẹ̀ wà ní SS2 lónìí, tó sì ń sọ pé òun fẹ́ ṣe dókítà, gba sílábọ́ọ̀sì JAMB lé e lọ́wọ́ kí ìsinmi oṣù keje tó dé, kí ó bá a yan wákàtí méjì tí ẹnikẹ́ni nínú ilé kò ní rán an níṣẹ́, kí ó sì pa wákàtí náà mọ́ fún un títí èsì Post-UTME yóò fi jáde.